Ẹṣin Bàbá Kì í Sáré Báyẹn

Ìyá mi ti pinnu pé bí àwọn ará ilé àkójọ ohun àtijọ́ bá ti dé láti ìlú Mandalgobi, gòjé bàbá àwọn á bá wọn lọ. Gòjé olókùn méjì ni, orí ẹṣin ni wọ́n gbẹ́ sí i lókè. Ara ògiri àgọ́ wa ló wà látìgbà tí Bàbá Àgbà ti kú, nígbà tí ìyá mi ṣì kéré. Èmi Nomintuya mọ gòjé ta dáadáa, àmọ́ orin tí Bàbá Àgbà fi ń ki ẹṣin wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá mi ní gòjé tí kò lórin, igi ìdáná ni. Ó dùn mí wọra.

Ni àbúrò mi Zolbayar bá ti Ulaanbaatar, olú ìlú Mongolia, dé. Fíìmù ló ń ṣe nípa àwọn olórin àtijọ́, ó sì ti rí Bàbá Àgbà nínú fíìmù kan tó ti ń jẹ eruku tipẹ́. Ó fa ìbòrí ihò òrùlé dé kí inú àgọ́ lè ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ó ta aṣọ funfun, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ.

Bàbá Àgbà yọ. Wọ́n jókòó síwájú àgọ́, gòjé yìí gan-an wà láàárín orúnkún wọn, ẹnì kan sì ń gun ẹṣin lọ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Orí mi wú.

"Ohùn wọn dà?" ni ìyá mi bi í.

"Kò ní ohùn, Màmá. Àwòrán lásán ni."

"Odi lo wá ti ọ̀nà jíjìn gbé wá bá mi."

Mo ní kó tún fi hàn wá. Ìka ọwọ́ òsì Bàbá Àgbà hàn kedere, ẹni tó mọ gòjé ta sì lè ka ìka bí ìwé. Mo já gòjé lára ògiri, mo tẹ̀ lé ìka wọn. Orin jáde lóòótọ́, àfi bí ẹni tí ajá ń lé.

"Kì í ṣe òun," ni ìyá mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Zolbayar wí, "ṣé kì í ṣe orin tẹ́ ẹ fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn àlejò òkèèrè lẹ̀ ń ta yìí?"

Ìyá mi ti dìde, wọ́n sún mọ́ aṣọ náà. Wọn ò wo bàbá wọn mọ́, ẹṣin ni wọ́n ń wò.

"Ẹṣin wa rèé. Ẹṣin tó ń yan ni. Bàbá á gbé abọ́ wàrà dání lórí ẹ̀, kò ní dà. Kò sáré báyìí rí láyé ẹ̀. Ta ló ń lé e?"

Àbúrò mi fọwọ́ gbá iwájú orí. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ya fíìmù ayé ọjọ́un kì í yára tó tòde òní. Kọ̀ǹpútà òun, tó ń yí i bíi fíìmù òde òní, ló ń lé e. Ó dín eré rẹ̀ kù.

"Ó ṣì ń sáré," ni ìyá mi wí. "Dín in sí i. Dín in. Ó tó, ó ti ń yan."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí pátákò ẹṣin ṣe ń balẹ̀ lára aṣọ ni ohùn gòjé ń bọ́ sí i, láìjẹ́ pé mo ṣètò rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Bàbá Àgbà gbójú sókè, wọ́n lanu. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ni ìyá mi, tó ti ń búra pé àwọn ò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bá lanu tiwọn, orin sì jáde. Ètè bàbá àti ètè ọmọ ń lọ pọ̀, ọ̀rọ̀ kan ò ṣì. Fíìmù tán, aṣọ di funfun balau, ìyá mi kọ ọ́ dópin.

Nígbà tí ọkọ̀ ilé àkójọ dé, ìyá mi bu tíì fún àwọn tó wá, wọ́n sì fi wàrà gbígbẹ kún un.

"Ẹ má bínú," ni ìyá mi wí. "Gòjé náà ò ráyè. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́."