Bẹ́ẹ̀dì Tí Wọ́n Yá Fún Fọ́tò

Omi tíì ò tíì hó, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí ti ń bú ìyá rẹ̀.

Akéwì dúró ti sítóòfù, ó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀ sókè, èébú sì ń gun orí èébú. Ẹnìkan ní kó wálé wá sọ ọ́ bó bá láyà. Ẹnìkan ní ẹni tó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí nílẹ̀ onílẹ̀ kò lẹ́nu láti bá gómìnà wí. Ẹlòmíràn kàn kọ orúkọ ẹranko síbẹ̀, kò fi àlàyé kankan tì í.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú ilé oníyàrá méjì kan lókè òkun, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àga ilé ìdáná, ó béèrè pé ẹranko wo ni wọ́n pè é. Akéwì ní ewúrẹ́ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kó má bínú. Ó ní ewúrẹ́ ṣì ń bímọ, ó ṣì ń ṣọ́ ìdí èèkàn rẹ̀, kò dà bí àwọn kan tó wà nípò.

Ewì kékeré kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ibi iṣẹ́ ni Akéwì sì ti kọ ọ́. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ilé ìwòsàn ìlú tó ń gbé. Láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ funfun gbígbóná: yóò ká a, yóò tò ó, òmíràn yóò tún ti dé. Ibi tó ti ń ká a lọ́jọ́ kan ni ìròyìn ti dé láti ilé pé ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ bímọ sórí sìmẹ́ńtì lásán, nínú ilé ìwòsàn tí gómìnà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ìlú wọn. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ilé náà. Gómìnà ti gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n sì ti ya fọ́tò rẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì rẹpẹtẹ. Àwọn àlejò ò tíì délé tán tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi dé, tó kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì náà padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti yá wọn. Akéwì gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ báyìí:

*Wọ́n yá bẹ́ẹ̀dì wá fún fọ́tò,*
*fọ́tò sùn, fọ́tò na ẹsẹ̀.*
*Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì lọ.*
*Aláboyún dé, ó bá ògiri tó ń dán.*
*Ọ̀dà kì í gbẹ̀bí.*
*Sìmẹ́ńtì ló nawọ́ gba ọmọ.*

Ó gbé e sórí ayélujára, ó sì padà sídìí aṣọ kíká. Ewì rẹ̀ mìíràn, ti òjò, ti ọkọ tó ń hanrun, àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ ló máa ń kà á. Èyí kò dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á nínú fídíò, awakọ̀ kan kọ “Ọ̀dà kì í gbẹ̀bí” sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó di ohun tí wọ́n fi ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. Ìgbà náà ni àwọn agbèjà gómìnà jáde bí eéṣú.

Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, àkọ́bí ìyá wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé. Kò kí i, kò béèrè àlàáfíà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó sá sábẹ́ tábìlì sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀gá òun pe òun wọlé lánàá, ó yí fóònù sí òun, ó ní ṣé òun mọ obìnrin yìí. Kí ni òun fẹ́ sọ? Ojú kan náà ni ìyá wọn kó fún àwọn méjèèjì. Ó ní kí Akéwì yọ ewì náà kúrò kí ọjọ́ Ajé tó dé, kó sì kọ ọ̀rọ̀ ìtúúbá díẹ̀ sí ipò rẹ̀.

Akéwì béèrè irọ́ tí òun pa tí òun yóò fi túúbá.

“Mi ò bi ẹ́ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Màmá ò jẹun láti àná. Màmá ló ní kó o yọ ọ́. Ṣé o fẹ́ pa á ni?”

Ó pa fóònù. Tíì hó, ó dà lé sítóòfù, kò sẹ́ni tó dìde sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn tó wà lókè òkun fẹ́ ṣe àpéjọ ọdọọdún. Olùdámọ̀ràn gómìnà kan ń bọ̀ wá bá wọn ṣe é. Ó ti pẹ́ tí Alága ẹgbẹ́ ti ní kí Akéwì fi ewì ṣí ètò, ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ nípa bẹ́ẹ̀dì kankan. Ṣùgbọ́n ó níṣẹ́ àárọ̀ láti kọ́kọ́ ṣe. Ó wọ kóòtù, ó gba ibùdókọ̀ lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ tí kò jẹun jókòó sí i lọ́kàn, kò kúrò. Àwọn tó ń pè é ní ewúrẹ́ kò lè mú un sùn láìjẹun. Ó ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Màmá. Nígbà tó fi máa dé ilé ìfọṣọ, ó ti ń kọ ìtúúbá náà lórí fóònù: “Èmi tí mo kọ ewì kan láìpẹ́ yìí fẹ́ fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀…” Ó dúró níbẹ̀. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ó wò ó pé tirẹ̀ kọjá ẹyin. Tirẹ̀ ti di òròmọdìẹ, ó ti ń sáré kiri àgbàlá olówó àti tálákà. Ta ni yóò bá a lé e wọlé? Síbẹ̀, bí Màmá bá ní kó lé e, yóò lé e.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pe ìyá rẹ̀.

Màmá gbé e. Ohun kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń rún. Akéwì béèrè ohun tó ń jẹ. Màmá ní búrẹ́dì ni, ó ní kí ló ṣe búrẹ́dì?

Akéwì fẹ̀yìn ti páálí ọṣẹ. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni Màmá ní kí òun yọ ewì náà. Màmá ní ewì wo? Ó ní wọ́n kàn sọ fún òun pé ó bú baba ẹnìkan lórí fóònù, òun sì sọ fún wọn pé òun ò bí eléèébú. Kò sẹ́ni tó kà á sí òun létí. Ó ní kó kà á.

Akéwì kà á. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí náà ó ní láti gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń polówó. Nígbà tó parí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé fóònù ti já.

“Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ìró ìdí mi ni mo tú, tí mo tẹ́ sílẹ̀, kí ọmọ yẹn má baà forí gbálẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni mo fi dúró lójú àwọn ọkùnrin. Kí ló dé tí èyí ò sí nínú rẹ̀?”

Akéwì ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

“Ẹ̀rù ló ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ,” ni Màmá ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Má bínú sí i, ó lọ́mọ tó ń bọ́. Àmọ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀rù. Kó má fi tèmi bẹ̀rù.”

Akéwì tún béèrè, kó lè dá a lójú, bóyá kí òun yọ ọ́ àbí kí òun fi í sílẹ̀. Màmá ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan lórí fóònù. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i yọ ilẹ̀ yẹn kúrò lójú òun, kí ó yọ ewì náà. Ó ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà lé e.

Ìtúúbá náà kò rí ìparí. Akéwì pa á rẹ́, ó fa páálí ọṣẹ kan ya, ó sì kọ ìlà tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó pè é.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn náà. Alága ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le fún un nìyẹn, torí èèyàn dáadáa ni Alága. Òun ló bá Akéwì wá yàrá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, òun ló fún un ní kóòtù òtútù àkọ́kọ́ tó wọ̀, kóòtù ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní òun ti ka ewì yẹn, ó dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láti fi kọ́ iléèwé ní ilé, ọwọ́ àlejò yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó fi tòní jì wọ́n. Ṣebí ewì ìfẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Kó ka ọ̀kan níbẹ̀.

“Ewì ìfẹ́ ni mo fẹ́ kà, Bàbá,” ni Akéwì wí. Kò sì parọ́.

Wọ́n pè é. Ó gun pèpéle. Lórí ayélujára, ẹkùn ni. Kò sí ohun tí kò lè kọ. Ṣùgbọ́n kò tíì bá ẹni tó ń bá wí pàdé rí lójúkojú. Olùdámọ̀ràn gómìnà wà ní ìjókòó iwájú, ó wọ agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń retí oríkì. Akéwì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dé “Ọ̀dà kì í gbẹ̀bí”, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé ẹ̀rín náà mì. Ẹ̀rín àlejò náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gan síbẹ̀. Alága dìde, ó na ọwọ́ sí máìkì.

“Ẹ jẹ́ kó parí, Alága.” Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni, lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó dúró lórí ẹsẹ̀ tó wú. “Wọn kì í dá ìbímọ dúró lágbedeméjì.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alága fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó tó rántí ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí afẹ́fẹ́, ó sì rọra mú un padà. Akéwì gbé páálí ọṣẹ náà sún mọ́ ojú.

*Ìyá mi tú ìró ìdí rẹ̀,*
*ó tẹ́ ẹ fún àlejò tuntun.*
*Ìró kan ṣoṣo*
*ju gbogbo bẹ́ẹ̀dì ìjọba lọ.*
*Ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀.*

Kò sí àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan pàtẹ́wọ́, àwọn bíi mélòó kan tẹ̀ lé e, àwọn tó kù ń wo ojú ara wọn. Nígbà tí ó kan olùdámọ̀ràn láti sọ̀rọ̀, ó ní ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni àwọn ọmọ òkè òkun ti ń wo ilé. Ó ní àtúnṣe ni wọ́n kó àwọn bẹ́ẹ̀dì náà lọ ṣe. Akéwì béèrè láti ibi tó jókòó pé ìgbà wo ni àtúnṣe náà máa parí. Olùdámọ̀ràn ní àkókò ìbéèrè ń bọ̀. Àkókò ìbéèrè kò dé títí wọ́n fi gbàdúrà ìparí. Àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí tábìlì kan rántí lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ní ẹni tí àwọn fẹ́ kí níbòmíràn. Alága kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó. Èyí dùn ún ju gbogbo èébú àárọ̀ lọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ sùn kí iṣẹ́ òru tó tún pè é, nítorí náà Akéwì nìkan ló wà ní ibùdókọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè.

Ó retí ariwo. Ariwo ò dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ti rí fídíò tí wọ́n ká sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn náà, ọ̀gá òun náà sì ti rí i. Wọ́n ní kí òun wá sọ tẹnu òun níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Akéwì ní ọjọ́ Ajé yẹn dun òun, ṣùgbọ́n ewì náà kò dun òun. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í fún bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le. Ó ní bó bá fẹ́, òun lè kọ ọ́ síta pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn jà.

“Má kọ nǹkan kan fún mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Màmá ló tẹ́ ìró sílẹ̀, mi ò mọ̀. Mo kàn ń ro ohun tí mo máa sọ fún wọn ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ, kó o gbọ́ bó ṣe rí.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọsẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó fi “ẹ̀yin ọ̀gá mi” kún un, ó yọ ọ́ kúrò, ó tún fi í síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ju èyí tó ń wá lọ ti wà lẹ́nu Akéwì. Kò sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti gbà pé òun nìkan ló ní ẹnu nínú ilé wọn, pé àwọn yòókù ti gba ohun gbogbo bó ṣe rí. Kò fìgbà kan rò ó pé wọ́n lè máa wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó wò ó. Akéwì mi orí, bọ́ọ̀sì náà sì lọ.

“Mo ń gbọ́ yín, Bọ̀dá mi,” ó wí. “Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.”