Òwú Irun Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀rù tírélà kò jẹ́ kí n rójú lọ́dún 1987. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ariwo ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sì ti ba etí wọn jẹ́. Síbẹ̀, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á fi ti ilé wa ní Olódì-Àpápá kọrí sí Wharf Road létí èbúté, kí wọ́n lọ dúró sáàárín tírélà, kí wọ́n máa wo ọkọ̀ ojú omi. Awakọ̀ á tẹ họ́ọ̀nù títí, wọn ò ní gbọ́. Èmi tí mo ń dirun níwájú ilé, tí n bá gbọ́ pé tírélà gbá ẹnìkan, òòyà á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú, mo ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n gba ojú fèrèsé jáde. Àgbàlagbà bíi tiwọn!

Mo wá ní tó bá jẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, kí wọ́n máa wò ó nílé. Mo ní kí wọ́n ya ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù fún mi sára páálí. Ejiro, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, fún mi ní pákó àti ọ̀bẹ, ó ní kí ló kan òòyà kan ọkọ̀. Mo gbẹ́ pákó títí ó fi ní imú àti ìdí, ọ̀bẹ gé mi níka, mo bú u. Igi súyà ni mo fi ṣe òpó méjì. Ó wá ku okùn tó máa di òpó mú lọ́tùn-ún lósì. Kí ni mo ní bí kò ṣe òwú dúdú tí mo fi ń kó irun?

Bí mo ṣe ń ṣe orí ni mo ṣe ọkọ̀. Onídìrí máa ń parí apá kan kó tó bọ́ sí èkejì, á sì fà á le dáadáa. Mo parí òsì, ó dán. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀tún, òpó méjèèjì ti tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Inú bí mi, mo fẹ́ jù ú sí gọ́tà. Àmọ́ òkò àbínújù kì í pẹyẹ, mo gbé e kalẹ̀.

Bàbá rí i, wọ́n pòṣé. Wọ́n ní bí a bá di okùn kan lósì, ká di èkejì lọ́tùn-ún. Wọ́n jókòó, wọ́n ń tú, wọ́n ń dì, wọ́n ń bú mi. Wọn ò lọ sí Wharf Road títí òpó fi dúró ṣánṣán.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ bàtà. Bí wọ́n ṣe wọlé lọ mú fìlà, mo tú okùn kan lára òpó iwájú, mo tún un dì, mo fà á le. Wọ́n jáde, wọ́n rí òpó tó wọ́, wọ́n pòṣé, wọ́n bọ́ bàtà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Wọ́n bá ti tún un ṣe tán, èmi náà á dọ́gbọ́n tú u. Ẹ̀rù tírélà lọ, ẹ̀rù pé wọ́n á mú mi gba ipò rẹ̀. Ejiro rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní mo ń rẹ́ bàbá mi jẹ. Mo ní kó gbọ́ tara ẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Bàbá pè mí, wọ́n fọwọ́ lé kókó kan lára okùn.

“Láídé, gbogbo ayé mi ni mo fi ta kókó lójú omi. Ṣé o rò pé mi ò dá ti onídìrí mọ̀ ni?”

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo pariwo sí etí wọn pé ẹ̀rù tírélà ló ń bà mí, pé Ìyá mi ti kú, àwọn nìkan ló kù fún mi. Ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé mi lọ́wọ́.

“Mo mọ̀. Lọ́la, okùn òpó ẹ̀yìn ni kí o tú. Ti iwájú ti sú mi.”