Ta Ló Ni Ọmú Òsì?

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun. Gbogbo ènìyàn ló ń yin ọkọ mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yìn ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń yìn ín, aládùúgbò tí kì í kí wa tẹ́lẹ̀ pàápàá dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ lọ́kọ o!" Èmi tí jẹjẹrẹ wà lọ́mú òsì mi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Dókítà oníṣẹ́ abẹ pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, èmi, Bàbá Ìbejì, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ń pè ní Àǹtí. Àga méjì péré ló wà níbẹ̀ fún àlejò. Ọkọ mi jókòó, Àǹtí jókòó. Èmi aláìsàn ni mo fara ti ògiri. Dókítà ní ọmú náà gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó ní bí a bá fẹ́, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n lè mú ẹran àti ọ̀rá láti ikùn tàbí láti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ṣe òmíràn sípò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà á gùn sí i, ara á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó le. Ọkọ mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọkọ mi kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Dókítà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ gé e, kí ẹ rán ojú ẹ̀ pa. Bó bá ṣe wà ni mo fẹ́ ẹ."

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ọkọ gidi! Àwọn ìbejì tó mu ún ti ń fá irùngbọ̀n báyìí. Kí ni ìyàwó wa tún fẹ́ fi ṣe?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Nínú ẹbí tí mo fẹ́ sí, bí ara ènìyàn kò bá yá, ẹlòmíràn ló máa ń bá a dáhùn níwájú dókítà, wọ́n ní kí aláìsàn máa sinmi. Mo bá sinmi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ti ń dákẹ́ níṣojú mi.

Onídìrí ni mí. Iwájú dígí ni onídìrí ń gbé. Oníbàárà á jókòó, èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, bí mo bá sì gbójú sókè, ara mi ni mò ń rí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkọ mi fẹ́ mi bí mo bá ṣe wà. Mo gbọ́, ó ṣeun. Ṣé òun ló máa bá mi gbé inú ara náà ni?

Lọ́jọ́ kejì, mò ń dirun fún Tíṣà, oníbàárà mi àtijọ́, ló bá figbe ta. "Ẹ rọra o! Ṣé orí mi ló ṣẹ̀ yín?"

Mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ ti sọ fún ọkọ yín pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe òmíràn?"

"Rárá."

"Orí mi lẹ wá ń sọ ọ́ fún!"

Mo dirun náà tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà gbójú sókè. "Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́. Ara wọn kọ́ ni ọmú náà wà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe òmíràn fún mi. Láti ikùn ni kí ẹ ti mú un, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Ẹ̀yìn àti apá ni mo fi ń jẹun."

"Mà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá Bàbá jíròrò ná."

"Nígbà tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́, ṣé ẹ ní kí wọ́n lọ bá mi jíròrò?"

Ojú tì í. Ó ní kí n jókòó. Ó wá ṣàlàyé fún èmi gan-an: pé ẹran tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ lè kú, pé ojú àpá máa wà níkùn mi, pé ọmú tuntun náà kò ní mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo ṣì ní mo fẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo sọ fún wọn nílé, Àǹtí ló kọ́kọ́ fò dìde. "Fáàrí lórí àìsàn? Ìyá àgbà bí ìwọ?"

"Àǹtí, nígbà tí eyín iwájú yín yọ, ẹ lọ fi òmíràn sí i. Ṣé egungun lẹ fẹ́ fi fọ́ ni?"

Àǹtí padà jókòó.

Ọkọ mi ní, "Ta lo fẹ́ fi í hàn? Èmi tó yẹ kó rí i, mo ti ní mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ fún mi?"

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ yẹn á gùn sí i. Mo rò pé bí wọ́n bá pẹ́ lórí ẹ, bóyá o ò ní…"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi tún le sí i.

"Ẹ̀rù ń bà yín, ẹ wá pè é ní ìfẹ́, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Bàbá Ìbejì, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Èmi ni wọ́n máa gé!"

Ó dìde, ó fẹ́ dì mọ́ mi. Mo ní kó dúró síbẹ̀ ná, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán.