Kọfí Aláìléyín

"Ta ló bu kọfí gidi sínú ife mi?"

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ kalẹ̀ ní ilé àlejò tí Ṣẹ́kọ́ńdì dé sí ń nu tábìlì rẹ̀ lọ, bí ẹni pé tábìlì ni wọ́n bi ní ìbéèrè. Àwọn àlejò tó jókòó nídìí fèrèsé wojú ara wọn, wọ́n sì dojú kọ búrẹ́dì wọn. Ṣẹ́kọ́ńdì gbé awẹ́ obì tó wà lórí àwo ife rẹ̀ sápò, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó wò ó. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Aago ló ń tún ṣe, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ṣẹ́kọ́ńdì nílé. Ilé iṣẹ́ aago ńlá kan ló ní kó wá sí òkè òkun kí wọ́n dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Ẹtì, yóò jókòó níwájú ọ̀gá wọn, yóò so irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ mọ́ inú aago ọwọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, ó ríṣẹ́. Bí ó bá gbọ̀n, kó máa gba ilé lọ.

Kó tó kúrò nílé ni dókítà ti sọ fún un pé káféènì inú kọfí tó ń mu bí omi ló ń gbọn ọwọ́ rẹ̀, tó sì ń mú kí àyà rẹ̀ máa já. Dókítà ní kó jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n òórùn kọfí ló máa ń jí ọkùnrin yìí láàárọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì ìlú tí ilé iṣẹ́ aago náà wà, ló tù ú nínú pé kọfí kan wà tí wọ́n ti yọ káféènì kúrò nínú rẹ̀.

"Kọfí aláìléyín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ta sánsán, ó korò dáadáa, àmọ́ kò lè gé yín jẹ."

Àmọ́ kọfí náà ń gé e jẹ. Láti ìgbà tó ti fi kọfí gidi sílẹ̀ ni oorun ti ń kùn ún lójú iṣẹ́. Bó bá jókòó ti tábìlì inú yàrá rẹ̀, tó ṣí aago àtijọ́ tó fi ń dánra wò, á fi obì sẹ́nu kójú rẹ̀ lè là. Obì yẹn ti di ara iṣẹ́ fún un. Bàbá wọn ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá ṣí inú aago kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí èémí lásán lè fẹ́ irin wẹ́wẹ́ dànù, obì ló sì ń dí ẹnu. Á jẹ ẹ́ tán, á tún fi òmíràn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó wá ń fura sí gbogbo ayé. Ó yọjú wo ilé ìdáná ilé àlejò náà, ó rí i pé kẹ́tùlù kan ṣoṣo ni obìnrin yẹn fi ń da omi sí fúláàsì méjèèjì, ti kọfí gidi àti ti aláìléyín. Ó sáré sọ fún àbúrò rẹ̀. Ìyẹn ní omi lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Kọfí ibẹ̀ dùn jù lójú Ṣẹ́kọ́ńdì. Ó ní ohun tí wọ́n ti yọ nǹkan nínú rẹ̀ kò yẹ kó dùn báyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí wọn ṣáá. Ṣẹ́kọ́ńdì ò tilẹ̀ jẹ́ kó da kọfí náà tán tó fi fa àbúrò rẹ̀ jáde. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àbúrò rẹ̀ ra agolo kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ó ṣí i níṣojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ se kọfí náà nínú yàrá. Ó dùn. Ó ta sánsán. Ṣẹ́kọ́ńdì mu ún tán, ó fi obì sẹ́nu, ó jókòó ti aago. Nígbà tó ṣe, irin wẹ́wẹ́ náà bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló rán ọ sí mi?"

Ojú obìnrin náà pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ti dọ̀tá? Èmi tí mo ń bá yín sá kiri láti ọjọ́ Ajé?"

Ojú ti Ṣẹ́kọ́ńdì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò ẹni, ló bá ṣe ohun tó máa ń ṣe láti kékeré: ó ya awẹ́ obì kan lára èyí tó wà lórí àwo ife, ó nà án sí i.

Àbúrò rẹ̀ gbà á. Kò fi sẹ́nu. Ó wo ọwọ́ tó nà án, tó ṣì ń gbọ̀n. Ó wo eyín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pọ́n. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń rí obì lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe ń rí imú lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ó rọra gbé awẹ́ obì náà padà sórí àwo, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, "káféènì tó wà nínú kọfí gan-an ló wà nínú obì."