Ọdún Mẹ́rin Lọ́la-lọ́la

Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Ọ̀la ni onírin àlòkù ń bọ̀ wá gé katakata tí olóògbé bàbá wa fi sílẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìyá wa ti sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀: "Tí kò bá dún lónìí, ó lọ nìyẹn." Ọdún mẹ́rin ló ti wà lábẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé, tí bọ̀ọ̀dá mi tó mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ń fi lọ́la-lọ́la tàn wá. Inú ń bí mi sí i débi pé mi ò fẹ́ jókòó tì í mọ́.

A ti fa epo dísù àtijọ́ jáde, ó dúdú, ó ń rùn. A fọ táǹkì lẹ́ẹ̀mẹta, a pààrọ̀ fílítà, a da dísù tuntun sí i. Ó wá ku afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù, torí ẹ́ńjìnnì dísù kì í jí tí afẹ́fẹ́ bá dí ọ̀nà epo. Èmi ń fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kí afẹ́fẹ́ lè bá epo jáde. Bọ̀ọ̀dá mi ló di sípánà mú, pé tí ìfófó bá ti tán lẹ́nu páìpù, kó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin.

"Ṣé ẹ ń wò ó?"

"Mò ń wò ó, Oníkánjú. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń jó lójú kan bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

"Ó ti mọ́," ó wí, ó sì fún nọ́ọ̀tì.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kàn ń wúkọ́ ni, kò jí. A tún un ṣe, pàbó ló já sí. Bátìrì tí a yá ti ń rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo na ọrùn wo ọwọ́ rẹ̀. Ìfófó ṣì ń hó ṣùṣù.

"Ó ti mọ́," ni bọ̀ọ̀dá mi wí.

Mo ti lanu láti pariwo kí n tó rí i pé ojú rẹ̀ ò sí lára páìpù rárá. Àtàǹpàkò ló fi ń wá nọ́ọ̀tì. Ó lè rí òjìji èèyàn, ṣùgbọ́n ohun kékeré ti sá fún ojú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ̀rù ló ń bà á pé a ó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ń ro mí," mo parọ́.

A pààrọ̀ ipò. Mo dúró títí ìfófó fi tán, mo fún nọ́ọ̀tì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ta gìrì, ó tu èéfín dúdú, ó dún!

Ìyá wa sáré jáde, ó kọjú sí bọ̀ọ̀dá mi. "Mẹ́káníìkì mi! Kí onírin jókòó sílé ẹ̀! Ó yá, gùn ún, wà á jáde ká rí ẹ!"

Àwọn ọmọ mi ń sáré kiri níwájú ilé. Bọ̀ọ̀dá mi gun orí katakata, ó di sítíárìn mú, kò ṣípò. Ó ń fojú wá ibi tí àwọn ọmọ náà wà.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre!" mo jágbe. "Èmi ni mo ṣiṣẹ́ jù, èmi ni mo máa wà á!"

"Aláìlẹ́kọ̀ọ́!" ni ìyá wa figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń jágbe mọ́? Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

Bọ̀ọ̀dá mi fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn táràrà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó di apá mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Ìyá wa ṣì ń bú mi bọ̀. Mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn.