Ẹyẹ Tí Kò Sí Lójú Ọ̀run

Ọkùnrin kan wà tó ń tún fìríìjì ṣe, Baba Afẹ́fẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹ má rò pé torí ó máa ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni wọ́n ṣe fún un lórúkọ náà o. Òun àti àwọn mélòó kan ni wọ́n jọ máa ń gbé dróònù, ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi rìmóòtù darí lókè, fò fún fàájì ní àràárọ̀ Sátidé, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Nínú gbogbo wọn, òun ni kì í kánjú gbé tiẹ̀ sókè. Bó bá dé, á kọ́kọ́ wo orí igi, á wo bí ìkúukùu ṣe ń rìn, á na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ síta láti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bí kùrukùru bá bo pápá tí kò rí òpó iná òdìkejì, á ní kí kálukú jókòó. Bí òjò bá ń ṣẹ́, á ní, "Ẹ́ńjìnnì ò mọ òjò kékeré yàtọ̀ sí òjò ńlá. Omi lomi ń jẹ́." Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni, ṣùgbọ́n dróònù tiẹ̀ nìkan ni kò tíì já lulẹ̀ rí, òun ni wọ́n sì máa ń fa ẹni tuntun lé lọ́wọ́.

"Má gba ti atẹ́gùn ilẹ̀ gbọ́," á wí fún wọn. "Ilé àti ògiri ló ń bá wa dá a dúró nísàlẹ̀. Òkè ni kó o wò. Èyí tó ń fẹ́ geere kò burú tó èyí tó ń dákẹ́ tó tún ń ta gìrì. Bó o bá sì fẹ́ lọ jìnnà, kọjú sí atẹ́gùn nígbà àlọ, kó lè bá ẹ tì í wálé nígbà tí bátìrì bá ti ń rẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n sọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àfi lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé tuntun.

Ọjọ́ Àìkú ni. Gbogbo ọmọ ìyá náà péjọ láti bá a to ẹrù. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta mọ́tò, ẹni tí kì í fi ojú ọkùnrin wo ẹni tí kò bá wọ bàtà dídán, bẹ̀rẹ̀ sí í fín in níràn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dróònù, ẹ jẹ́ ká fojú rí ilé ìyá wa láti òkè. Àbí inú fìríìjì nìkan lẹ mọ̀ ọ́n wò?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dun ọkùnrin náà jù.

Ó gbé àpótí dróònù bọ́ sí àgbàlá. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ewé kan ò mì. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, ó rí aṣọ tí wọ́n sá sí àjà kẹta ilé kejì, ó ń já pàràpàrà bí ẹni tó fẹ́ sá kúrò lórí okùn. Àwọn igi gíga ẹ̀yìn ọgbà ń tẹríba, wọ́n ń nàró, wọ́n tún ń tẹríba. Ó ṣí fóònù, àmì tó ń sọ agbára ìjì pọ́n kankan.

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í. "Ṣé atẹ́gùn yẹn ò pọ̀ jù?"

"Kò ní pẹ́," ló fèsì. Ó mọ̀ pé ó pọ̀ jù. Ká ní ẹni tuntun kan ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní pápá, ì bá já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dróònù gbéra, ó kọjá òrùlé. Àwọn ará ilé pé lé fóònù lórí, wọ́n ń pariwo, "Ẹ wo ilé wa! Ẹ wo orí páànù!" Àbúrò tó ń ta mọ́tò ní, "Ẹ jẹ́ kó dé ibi afárá." Ó jẹ́ kó lọ. Atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sáré bí òkò tí wọ́n fi kànnàkànnà ta. Inú ọkùnrin náà dùn, ó tilẹ̀ gbàgbé ara rẹ̀.

Ìgbà tí àwọn yòókù ti padà sídìí ẹrù, tó ku òun àti ìyàwó rẹ̀, tó ní kó padà, ló rí nǹkan. Dróònù kọjú sí ilé, ó ń bú ramúramù, kò sì kúrò lójú kan. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ìjì ti pọ̀ jù, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi àtàńpàkò pa ohùn rẹ̀, kí àwọn tó kù má baà gbọ́. Ó rẹ dróònù sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti rọ̀ díẹ̀, ó ń wọ́ ọ bọ̀, bátìrì ń ṣófo. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu géètì ni ìjì kan ta láàárín ilé méjì, ó gbé e, ó sọ ọ́ nù sí ojú títì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ pátákó fún àwọn ilé ìtajà, ti lọ kó ìyókù ẹrù, ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lásìkò yẹn gan-an. Ó gbọ́wọ́ bo orí, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣubú lu etí títì. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe dún.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣe é?" ìyá wọn ń ké.

Kí ọkùnrin náà tó rò ó, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹyẹ ni! Àṣá ló kọ lu dróònù!"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Òun nìkan ló gbọ́ igbe fóònù. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà rí i."

Irọ́ di méjì, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí tọkọtaya náà padà délé, ìyàwó ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín ni." Ọkùnrin náà ò rójú wò ó. Bó ṣe ṣàánú rẹ̀ yìí dójú tì í ju èébú lọ.

Tọkọtaya náà ń lọ kí ẹ̀gbọ́n déédéé. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n ti fi píòpí líle dì í dé ìgbọ̀nwọ́. Iṣẹ́ pátákó ilé ìwé kan tó ti ń retí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ lẹ́tà lórí páálí àtijọ́, ó ń rí bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Síbẹ̀, òun ló ń tu ọkùnrin náà nínú. "Ẹ má fi pa ara yín. Ta ló lè pàṣẹ fún ẹyẹ?" Bó bá ti pe ẹyẹ báyìí, àfi bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí ọkùnrin náà lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ a sì dìde, a ní òun ń lọ bu omi.

Ní pápá, ìròyìn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n ní kó sọ bí àṣá náà ṣe rí, ó sì sọ ọ́. Ó fi ìyẹ́ sí i, ó fi èékánná sí i.

Ó tó Sátidé mélòó kan lẹ́yìn náà. Nọ́ọ̀sì kan, ẹni tuntun tó ń kọ́, ti gbé dróònù rẹ̀ kalẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dé. Orí igi ń yí. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀ pápá, níbi tí atẹ́gùn kọjú sí gan-an.

"Má gbé e," ó ní. "Ìjì ti pọ̀ jù lókè."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Baba, irú ọjọ́ báyìí náà kọ́ lẹ gbé tiyín fò nílé àna yín? Ẹ ti ń mú un bọ̀ wálé kí ẹyẹ tó dé. Mo ti wòkè, kò sí ẹyẹ kankan." Ó tẹ rìmóòtù, abẹ̀bẹ̀ dróònù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ọkùnrin náà wo àwọn ọmọ tó ń sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Gbogbo ẹgbẹ́ ń wò ó.

"Kò sí ẹyẹ," ló wí.

"Mo ṣáà sọ fún yín."

"Ọjọ́ yẹn ni mò ń wí. Kò sí ẹyẹ lọ́jọ́ yẹn. Atẹ́gùn ló sọ ọ́ lulẹ̀. Mo rí i kí n tó gbé e, mo sì gbé e, torí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo pa fún gbogbo yín. Jọ̀ọ́, pa á."

Nọ́ọ̀sì pa á. Àgbà kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í to bátìrì rẹ̀ padà sínú àpò bí ẹni pé ìyẹn ló gbé e wá. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó yí padà, kò tilẹ̀ bọ́ sílé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló gbà lọ.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín agolo ọ̀dà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò mi ní òun náà rí ẹyẹ."

"Èmi ló ń gbèjà."

Látìgbà tí ọkùnrin náà ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, 'ẹ̀yin' ni ẹ̀gbọ́n máa ń pè é. "Ìwọ," ó ní, "egungun máa jinná. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn dàgbà, kò purọ́ fún mi rí. Ìwọ lo kọ́ ọ. Ó ń wá síbí, ó ń wo ọwọ́ mi, kò lè jókòó. Mo rò pé àárẹ̀ ló ń ṣe é." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi píòpí nù ún. "Dìde lọ pè é wá. Kì í ṣe ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ó lọ pè é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí nígbà tí àwọn méjèèjì wà nínú yàrá. Ó gbọ́ ohùn, ó gbọ́ ẹkún. Kò kan ilẹ̀kùn.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n jinná, ṣùgbọ́n àtàńpàkò rẹ̀ kò padà sípò tán. Ó ń kọ lẹ́tà ńlá, ó fi iṣẹ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ọkùnrin náà tọ ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ, ó jẹ́wọ́ fún òun náà. Àbúrò tó ń ta mọ́tò wà níbẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní òun lòun tì í. "Rìmóòtù ò sí lọ́wọ́ yín," ni ọkùnrin náà dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n yẹn, nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi rìn délé. Ojú ìyàwó wú. Ó ń rìn níwájú díẹ̀, ọkùnrin náà kò sì gbìyànjú láti bá a.

Níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọdá títì ni ìyàwó ti dúró dè é. "Ẹ má tún jẹ́ kí n purọ́ nítorí yín mọ́," ó ní.

"Mi ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mọ́tò kan kọjá, wọ́n sọdá.