Mọ́ṣáláṣí Inú Àpótí Ẹja

Èmi ni mo ra àpótí ẹja náà, èmi náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lé bàbá mi lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú ìyá mi ni mo lọ mú Bàbá ní Ìlọrin wá sọ́dọ̀ mi ní Sagnarigu lẹ́yìn odi. Èmi nìkan ló bí, mi ò sì fẹ́ kó dá gbé mọ́. Àmọ́ Bàbá kò tú báàgì rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti ń mú aṣọ wọ̀, inú rẹ̀ ló ń dá a padà sí, a sì máa sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Àmínátù, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ."

Ẹja mẹ́rin tó wà nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ nìkan ni nǹkan tó máa ń wò nínú ilé mi. Kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn àfi omi, igun kan ni wọ́n sì máa ń kó ara wọn jọ sí. Mo rò ó pé bí mo bá ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ojú Bàbá á wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kúrò lórí Jímọ̀.

Mo lọ bá Iddrisu tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Gurugu. Èmi kì í mọ̀wọ̀n. Mo ra òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù, mo ra ewé oníke pupa, mo tún ra mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí orí rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Alfa ṣáà ni bàbá mi, kí ló tún kù tí ì bá dùn mọ́ ọn tó ìyẹn?

Ní Àlàrùbá tí mo tò ó tán, Bàbá wò ó títí.

"Àmínátù, mọ́ṣáláṣí lo rì sómi? Ẹja ń yàgbẹ́ sórí rẹ̀, o ò rí i ni?"

Inú bí mi. "Bàbá, oníke ni! Ṣé kò sí nǹkan tí mo lè ṣe nílé yìí tó máa tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tó ń to aṣọ sínú báàgì.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní Àlàmísì, mo yọ mọ́ṣáláṣí náà, mo fọ̀ ọ́. Ewé oníke gún mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ó ti fa ìrù ẹja kan ya. Ojú tì mí gidi. Mo rántí kọ́tìnì yàrá Bàbá, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni mo yàn fúnra mi, mi ò bi í rí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ rò pé ká fi síbẹ̀?"

Ó jáde wá wò ó. "Ibi tí wọ́n máa sá sí ni wọ́n ń wá. Gbogbo ojú ló ń wò wọ́n."

A wa mọ́tò lọ sí adágún tó wà ní Dungu. Bàbá ká ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ etí omi, ó sì ń já ojú oró. Ó ní ká fi omi iyọ̀ ṣàn án kí ìgbín má baà bá a wọlé. Bó ṣe ń ṣà á, ó ń kọ wákà lábẹ́nu. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí Ìyá ti kú.

Nígbà tí a délé, a kó ewé oníke dànù, a sì da ojú oró sójú omi. Ẹja mẹ́ta kúrò ní igun, wọ́n lọ sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tí ìrù rẹ̀ ya kò kúrò níbi tó wà.

Bàbá wọ yàrá. Mo gbọ́ ìró síìpù báàgì.

Búútà ló mú jáde, búútà oníke aláwọ̀ ewé tí ìyá mi rà fún un, tó gbé wá láti Ìlọrin torí pé kò fẹ́ fi tèmi ṣàlùwàlá. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ sórí òkúta inú omi. Ẹja náà yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọra wọ inú rẹ̀.

"Bàbá, búútà Ìyá nìyẹn," mo ní. "Kí lẹ ó wá máa fi ṣàlùwàlá lọ́nà?"

Kò gbójú kúrò lára ẹja. "Tó o bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́la, ra òmíràn tí màá máa lò níbí fún mi."

Ọ̀la ni Jímọ̀.